Egungun Ìhà Keje

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Kí ayé gbọ́: èmi ni mo ya àwòrán apá baálù tó gùn jù, tó sì yára jù lábẹ́ ọ̀run. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹyẹ idì mẹ́ta wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì lónìí — tíṣà lé mi síta.

Ọjọ́rú, 5
Baálù náà ò ní ẹ́ńjìnnì o. Inú àpótí mọ́kànlá ló ti wá, kí ẹni tó rà á fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Dádì ní apá inú ìwé àwọn tó tà á kúrú. Apá gígùn ló ń jẹ́ kó pẹ́ lókè, kó sì fẹ̀yìn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìdíje. Ọdún mẹ́rin ló fi kàn án ní gáréèjì. Ó ku díẹ̀ kó parí, ikú mú un lọ. Èmi àti Mọ́mì là ń bá a lọ báyìí. Òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun ni Mọ́mì fi ń wọn gúlù. Òórùn gúlù yẹn — òórùn Dádì gan-an ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Òjò. Gúlù kọ̀, kò gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ó ku pákó fẹ́lẹ́ kan ká fi dé apá náà. Mo ní orí ń fọ́ mi. Lánàá, inú ni. Mọ́mì ní àìsàn mi mọ ọjọ́ iṣẹ́.
Òótọ́ ibẹ̀: Dádì fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sára àwọn igi inú apá náà, tí à ń pè ní egungun ìhà. "Òjò tún dé." "Ọmọ yìí ti jẹ bisikíìtì mi tán." Tá a bá dé e, ojú ò tún ní í kàn án mọ́ láéláé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ojú-Àṣá dé, ìyẹn orúkọ tí mo sọ alábẹ̀wò tó ń yẹ baálù wò. Tí kò bá fọwọ́ sí i ká tó dé e, baálù náà ò ní í fò. Ó dọ́wọ́ lé ìhà keje, ibi tí wọ́n ti lẹ igi kékeré mọ́ ọn kó lè gùn tó. Mọ́mì tan tọ́ọ̀ṣì, ó ka ohun tí Dádì kọ síbẹ̀: "Èmi ni mo gé e kúrú. Mo ti tún un ṣe."
Ojú-Àṣá mi orí. "Ìyàwó wa, ogún ọdún ni mo fi mọ ọkọ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wọn igi kó tó gé e. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò gbà gbọ́."
Mọ́mì ò wò mí. Ìyẹn ló burú jù.
Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni."
Mo rò ó fún wọn: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Dádì lọ gba ìpè fóònù, mo gbé ayùn rẹ̀, mo gé ìhà náà kúrú. Nígbà tó padà, mo ti ń sunkún. Kò bá mi wí. Ó lẹ igi kékeré mọ́ ọn, ó mú pẹ́ńsùlù.
Ojú-Àṣá fi ìka kan ibẹ̀ títí. Ó ní ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn le ju ìyókù lọ. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 16
A ti dé e. Mọ́mì ló fi gúlù pa á, èmi ni mo dì í mú títí ó fi gbẹ.
Nínú ohun tí mo fi ń fọ́nnu ní ọjọ́ Ajé, ọdún mẹ́sàn-án yẹn nìkan lòótọ́. Dádì ló ya apá náà. Àṣìṣe inú ẹ̀ nìkan ni tèmi, ó sì ti gbà á lọ́wọ́ mi.