Aṣọ Àdúràgbèmí

Amúkòkò, Èkó.
Oṣù Kẹfà, 1991.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà lórí wa. Aṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí mo bí Àdúràgbèmí bá a mu gan-an. Bó ṣe dé ni mo wọ̀ ọ́ fún un, tòun ti òórùn káńfọ̀ inú àpótí yín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ibà pọ́njú mú un. Dókítà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáímù ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, pé tirẹ̀ kò tó. Ó ní, "Màdáámù, ṣé káńfọ̀ wà nínú aṣọ rẹ̀? Ó máa ń ba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́."

Ìyá mi, kì í ṣe tiyín o. Èmi ni mi ò fọ aṣọ yẹn kí n tó wọ̀ ọ́ fún un.

Ó ti pé oṣù méje, mo ṣì ń fọwọ́ gbé ọrùn rẹ̀ ró. Kì í yọ wá lẹ́nu. Tírélà fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò tilẹ̀ ta gìrì. Dókítà ní ibà yẹn ti dé ọpọlọ àti etí rẹ̀, pé bó ṣe máa wà nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ kí yín. Ẹ bá wa kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ọmọ ń dàgbà.

Ọmọ yín,
Níyìọlá.