Òdo Tí Wọ́n Kọ Síwájú Bẹ̀nẹ̀

Kí Mùílíù lọ jókòó jàre! Ó ní kí ni ẹni tó ń ta aṣọ òkìríkà mọ̀ nípa yunifásítì. Èmi! Èmi Àlàbí ọmọ Ṣakété, tí mo ti ta yunifásítì mọ́kàndínlógún ní ọjà Misẹ̀bò yìí, ọdún ò sì tíì dé ìdajì! Béèlì aṣọ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, tí a bá ti tú u, yunifásítì á wà níbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sí àyà ẹ̀wù, pupa, búlúù, òmíràn tòun ti àwòrán ẹkùn. Mo ta ọ̀kan fún apẹja kan ní Fijirọsẹ̀, òun ló ń wọ̀ fa àwọ̀n. Tó bá di ọ̀rọ̀ yunifásítì, ẹ̀yìn mi ni kí Mùílíù tò sí.

Àdùkẹ́ mi, má bínú, inú ló ń bí mi, mi ò tíì kí ẹ. Hàwáù Àdùkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí ní Èkó? Ṣé ara ìyá ẹ le? Ṣé omi ń wá, ṣé iná ń dúró? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Èkó gbé ẹ mì. Ibi tó o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Kútọnu wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, rédíò ń pariwo ìyípadà, òjò ń rọ̀, omi ti wọ abẹ́ ìsọ̀, a ti gbé béèlì sórí bíríkì. Àlájà Àmínátù tó ni ṣọ́ọ̀bù tí fóònù wà ní kí n kí ẹ, ẹ̀fọ́rí wọn ti lọ. Èmi náà ń dán bíi bàtà tuntun.

Lẹ́tà ẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Èmi fúnra mi ni mo kà á, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, torí oṣù mẹ́ta tí mo fi lọ kíláàsì àgbà tí ìjọba ṣí, tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní Yorùbá, kò lọ lásán. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo wa la jọ máa ń kàwé sókè ní kíláàsì yẹn, wọn ò kọ́ wa ní èyí tí wọ́n ń kà sínú. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kà á ni gbogbo Misẹ̀bò ń gbọ́. Wọ́n gbọ́ pé yunifásítì aládàáni tó ò ń wá ní Amẹ́ríkà fi ìwé ránṣẹ́, pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá kọ̀wé sí wọn, méjìdínlógún ni wọ́n ń mú. Pé àwọn tí wọ́n ń mú sábà máa ń gba 1180 nínú ìdánwò, ìwọ gba 1040. Pé wọ́n to orúkọ àwọn ìlú Áfíríkà àti iye ọmọ tó ti ibẹ̀ wá, níwájú Bẹ̀nẹ̀ wọ́n kọ òdo. Pé àyà ẹ já, kí n má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó o ti fi ránṣẹ́ sí mi yẹn mọ́, pé o máa pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ sí fóònù Àlájà kí n lè sọ pé mo ti gbọ́.

Ibẹ̀ ni Mùílíù ti dìde. O mọ̀ ọ́n, ìsọ̀ ẹ̀ dojú kọ tèmi, aṣọ kan náà là ń tà, àmọ́ wọ́n ti fi í ṣe délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò, látìgbà yẹn kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìpe èèyàn ní kámárádì, ì báà jẹ́ ewúrẹ́ ló ń lé. Ó ní kámárádì Àlàbí, òdo yẹn, ìdájọ́ ni, wọn ò gba ọmọ wa rí, wọn ò sì ní gbà á láé. Ó tún ní iléèwé aládàáni, ìsọ̀ àwọn amúnisìn ni, kí ọmọ lọ sí ti ìjọba ní Kàlàfí, tí kò bá sì rí ibẹ̀ wọ̀, kó wá gbé béèlì bíi bàbá ẹ̀. Ọjà rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé ẹ̀wù ta ló wọ̀. Ẹ̀wù òkú òyìnbó! Ṣòkòtò òkú òyìnbó! Bẹ́líìtì òkú òyìnbó! Láti ọrùn dé kókósẹ̀, amúnisìn ló wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹnu nìkan ló fi ń ṣe ìyípadà. Ọjà tún rẹ́rìn-ín, tèmi sì pọ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí ni pé ìwọ náà gba òdo yẹn gbọ́. Jẹ́ kí n là á yé ẹ, torí ìwé lo mọ̀, ọjà lèmi mọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà. 1180 tí wọ́n pè, iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè ni. Ta ló ń san ìyẹn? Àlejò! Ìwọ ti ná an dé 1040, o wá fẹ́ sá lọ! O máa dúró ni, wàá di ẹ̀wù yẹn mú, wàá ṣe bí ẹni tó ń lọ, wọ́n á pè ẹ́ padà. Ti méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń tú béèlì, tí mo bá rí méjìdínlógún ojúlówó nínú ọgọ́rùn-ún, mo máa ń dúpẹ́. Àmọ́ mi ò rí aṣọ tó sọ rí pé òun ti gbọ́ iye tí wọ́n ń mú, kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sínú béèlì. Iṣẹ́ aṣọ ni kí wọ́n tú òun wò. Ẹni tó ń ṣà á ni kó máa làágùn.

Òdo wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ṣebí inú ọjà lo dàgbà sí, o mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìsọ̀ láàárọ̀, a kì í lé e. Bó ti wù kó ná an wálẹ̀ tó, a máa tà fún un, a máa fi owó ẹ̀ na gbogbo ọjà kó lè tà, torí ẹni tó bá lé ẹni àkọ́kọ́, eṣinṣin ló máa tà fún di alẹ́. Wàyí o, láti ìgbà tí wọ́n ti dá iléèwé yẹn sílẹ̀, wọn ò tíì rí ẹni àkọ́kọ́ láti Bẹ̀nẹ̀! Ìwọ ni oníbàárà àárọ̀! Tí wọ́n bá lé ẹ, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi ara wọn ṣe. Mo ti kọ ọ́ sí etí fọ́ọ̀mù fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò gbọ́.

Ṣé o rò pé àwàdà ni mò ń ṣe? Mo ti dán an wò. Mùílíù ló máa tẹ òǹtẹ̀ délégé sí ìwé ìbí ẹ, ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́. Mi ò bá a jà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó tó tẹ́ ọjà tán, mo ti dúró síwájú ìsọ̀ ẹ̀, mo mú ẹ̀wù kan, mo bi í pé èló ni. Ẹni àkọ́kọ́! Ojú ẹ̀ yí padà. Mo ní mo máa rà á, àmọ́ mo máa rí òǹtẹ̀ kí n tó sanwó. Mi ò ju ẹ̀wù sílẹ̀, mi ò lọ. Àwọn oníbàárà ń dé lẹ́yìn mi, kò lè lé mi, kò lè tà fún ẹlòmíràn. Délégé tó ń wàásù fún wa lójoojúmọ́ pé ká jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́! Òógùn bò ó. Nígbà tí ẹni kẹrin pòṣé tó ń lọ, Mùílíù sáré mú òǹtẹ̀ wá, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n kúrò níwájú òun. Ó gbàgbé láti pè mí ní kámárádì.

Ìyókù fọ́ọ̀mù ò le, torí o ti fi pẹ́ńsùlù kọ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí jẹ́rìí ìwà ẹ, inú mi dùn, ilé tó mọ iyì ló ń ṣèwádìí kó tó mú ọmọ ẹni. Àjàyí télọ̀ jẹ́rìí pé o gbé lọ́dọ̀ òun ní ìsinmi méjì, bọ́tìnì kan ò sọnù. Àlájà jẹ́rìí pé o máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà tòun ti ẹrù lórí. Mo fi tèmi kún un pé kò sí wèrè nílé wa, kò sí adẹ́tẹ̀, kò sí olè, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, àna wa sì ni. Fọ́tò tí wọ́n ní kí orí nìkan hàn, mi ò gbà. Ta ló ń mú ọmọ láìwo ẹsẹ̀ ẹ̀? Èyí tí a jọ yà lọ́jọ́ Iléyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù Mobilẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi síbẹ̀, kí wọ́n rí i pé o dúró ṣánṣán, kí wọ́n sì rí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ. Tíṣà kan sí ọmọ mẹ́sàn-án tó o kọ nípa iléèwé wọn nìkan ló kọ mí lóminú. Mẹ́jọ là wà lọ́dọ̀ ààfáà ní Ṣakété, oko ààfáà la ro tán ká tó mọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Tí tíṣà yẹn bá ní kó o wá gbin àgbàdo, sọ fún un pé bàbá ẹ ò gbà.

Wọ́n wá béèrè pé èèyàn mélòó ló ti lọ yunifásítì nínú ìdílé. Mo mú bíírò, mo kọ òdo ràgàjì, ó kún àpótí yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Yísà tó bí ẹ kú, ọmọ ọdún márùn-ún ni ẹ́, èmi jẹ́ mẹ́rìndínlógún, mo wà ní kíláàsì kẹta, mo ga ju tíṣà lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ kan ṣoṣo ni agbára ilé wa ká láti rán níwèé. Èmi ni wọ́n ń wò, torí ọkùnrin ni mí. Mo ní kí wọ́n mú Hàwáù. Mo gbé béèlì lé orí, mi ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ dòní. Mi ò sọ ọ́ kó o lè sunkún o, ẹkún ò bá mi lára mu. Mo sọ ọ́ kó o mọ̀ pé òdo tí wọ́n kọ síwájú Bẹ̀nẹ̀, àti òdo tí mo kọ síwájú ilé wa, ẹnì kan náà ló lè pa méjèèjì rẹ́.

Lánàá ni mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sí pọ́sìtì. Obìnrin ibẹ̀ ní kí n jù ú sínú àpótí, kí n máa lọ. Lọ síbo? Mo dúró ti àpótí yẹn títí ọkọ̀ wọn fi dé, mo fi ojú mi sìn ín wọ ọkọ̀, mo kí dírẹ́bà.

Mi ò ní tọrọ owó nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n Búrẹ́mọ̀ awakọ̀ tó mú un wá fún ẹ ń padà bọ̀ lọ́la, fún un ní bátìrì méjì fún rédíò mi, àti ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ, torí ẹ̀wù Mùílíù yẹn, iye tó kọ́kọ́ pè ni mo san. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Yunifásítì wà ní àyà ẹ̀, mo ń tọ́jú ẹ̀ dè ẹ́. Ọlọ́run tó jẹ́ kí délégé tẹ òǹtẹ̀ á rọ àwọn tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà lọ́kàn. Ẹsẹ̀ ẹ ni wọ́n á fi ṣí ọjà, ọjà náà á sì tà.

Tó bá di ti ìpè ọ̀la, Jímọ̀ tó o dá, má wulẹ̀ pè. Mo ti yọ etí fóònù Àlájà tí a fi ń gbọ́rọ̀ kúrò lórí fóònù, mo gbé e sórí tábìlì láti àárọ̀ yìí, mo fi ẹ̀wù yunifásítì ẹ bò ó. Àlájà ń ṣàròyé, mo ní kí wọ́n fara dà á di Sátidé. Ọ̀rọ̀ "mi ò ṣe mọ́" ò rí ibi tó máa gbà wọlé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì lo ní, kọ lẹ́tà, mo máa kà á sókè kí Mùílíù gbọ́. Fóònù ti kú. Èmi Àlàbí bàbá ẹ ni mo pa á.