Abọ́ Àlejò Tí Ẹ Kó Dànù

Bàbá Ìyanu,

Iṣẹ́ alẹ́ lẹ ti dé, mi ò fẹ́ jí yín. Nígbà tí mo ṣí sáìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń ṣe fún ilé ìwé Rumuomasi láàárọ̀ yìí, ìhòòhò ni mo bá a. Kò sí àwọ̀, kò sí fọ́tò, ọ̀rọ̀ lásán ló tò gbọọrọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, torí òní gan-an ni mo fẹ́ fi han ìyá tó ni ilé ìwé náà.

Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ẹ bá mi tún ibẹ̀ ṣe lánàá, kí àyè kékeré tí àwa àti àwọn ẹlòmíì jọ yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn fáìlì wa má baà kún. Ẹ rí fódà méjì tó jọra, ẹ pa ọ̀kan rẹ́. Olówó orí mi, ọ̀kan ni ìkòkò tí mo fi se ọbẹ̀, èkejì ni abọ́ tí mo bù ú sí fún àlejò. Abọ́ lẹ kó dànù. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń palẹ̀ oúnjẹ mi mọ́ kí n tó jẹ tán.

Mo ti tún àwọn fáìlì náà kó jọ, mo sì dá wọn padà síbi tí àlejò ti ń rí wọn. Ó ti ń dán báyìí. No vex tí mo bá pariwo lójú oorun yín.

Mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà.

Mo ti yí páásìwọ̀dù àyè náà padà. Orúkọ ohun tí ẹ rà fún mi ní Rumuokoro lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé ni. Bí ẹ bá rántí, ẹ wọlé. Àmọ́ mo mọ̀ yín, ẹ ò lè rántí, ọkàn mi ti balẹ̀.

Ìyá Ìyanu