Agbọ̀n Ẹyẹ Tí Ẹ Gbé Kiri Ìṣẹ̀

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ulé wa ní Ìṣẹ̀. Orí àpótí yín tó wà lẹ́bàá ààrò ni mo jókòó sí. Kòkó oko wa lọ́nà Èmùré so dáadáa lọ́dún yìí, mo sì ní ìròyìn kan tí mi ò lè pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Èmi ni mo ra oògùn kòkó yẹn fún yín ní Ìkẹ́rẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó tà á ní ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì gbà á gbọ́. Èmi olùkọ́, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà. Ẹ fín in láìbo imú, láìbo ọwọ́, ẹ sì ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ ti máa ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, ẹ ń bì, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ lò ní ọsibítù.

Nígbà tí ẹ padà sóko, ẹ bá òkú ẹyẹ káàkiri abẹ́ kòkó, òkú oyin sì wà lórí ewé gbígbẹ bí ìgbà tí èèyàn da èèpo ẹ̀wà nù. Ajá yín, tó jẹ nínú àwọn ẹyẹ náà, kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹlòmíràn ì bá sin ín kó sì dákẹ́. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, ẹ ṣa àwọn ẹyẹ náà sínú agbọ̀n, ẹ gbé e karí, ẹ ń ya ilé dé ilé.

"Ẹ wò ó o! Ẹni tó bá ní oògùn yìí nínú ulé, kó má fi fín nǹkan mọ́!"

Bàbá Fúnkẹ́, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ń pariwo pé orí Àbẹ̀kẹ́ ti dàrú. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, Yèyé. Mo gun ọ̀kadà padà sí Ìkẹ́rẹ́ láìdágbére fún yín. Ṣé ẹ wá mi títí? A ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, títí ẹ fi lọ lọ́dún kejì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àbí oògùn yẹn ṣì kù lára yín? Mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wálé ní gbogbo Sátidé. Mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn fún ẹni tó bá gbé e wá, mo sì ń sọ ọ́ ní èdè wa. Obìnrin méjì péré ló kọ́kọ́ wá. Nísinsìnyí, wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ gbé ike kan wá sí ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kòkó. Mo kà á. Ohun tí wọ́n fi ṣe oògùn yẹn náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà.

"Ṣé èyí tí yèyé rẹ ń sọ nígbà yẹn nìyí?"

"Òun ni, bàbá."

Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé òun ṣẹ̀ yín. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi í fín kòkó mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọ páńpù oògùn sódò. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ọjọ́sí ló kọ́kọ́ nawọ́.

Akọ̀wé wá bi mí lórúkọ, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni n ó máa ka ohun tó wà lára ike oògùn fún ẹgbẹ́. Kí n tó lanu, gbogbo wọn ti ń pariwo: "Ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ni!" Orí mi wú, Yèyé. Mo nàró ṣánṣán, mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi yín yangàn.