Ẹ̀wù Ìkẹyìn Ìyá Olómi-Tútù

Ilé darandaran ni a ti bí màmá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Olómi-Tútù, lọ́dún 1948. Bàbá wọn ń sin àgùntàn, ìyá wọn ń fọ aṣọ onírun àgùntàn fún àwọn èèyàn. Wọ́n ka ìwé mẹ́rin. Nígbà tí ìyá wọn kú, wọ́n jókòó ti ọpọ́n ìfọṣọ, wọn kò sì dìde mọ́.

Lọ́dún 1969, wọ́n fẹ́ bàbá wa, tó jẹ́ télọ̀. Bàbá a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìbẹ̀rù omi gbígbóná ni mo gbé níyàwó!" Òótọ́ sì ni. Bí omi gbígbóná bá kan irun àgùntàn, á súnkì, ẹ̀wù àgbàlagbà á di ti ọmọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó lè nà án padà. Nítorí náà, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ omi wò. Wọn kì í fún aṣọ, wọn kì í fi í kọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Wọ́n á gbàdúrà kí ọwọ́ tó kan omi. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fọ kúbùsù àwọn ọmọ aláìlóbìí.

Lọ́dún 2021, ọwọ́ wọn kú, wọn kò mọ gbígbóná mọ́. Àkọ́bí wọn obìnrin ló ń bá wọn tọ́ omi wò. Wọ́n á dúró lẹ́yìn rẹ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó dá ọ lójú?" Á ní, "Ó dá mi lójú, Ìyá." Kò dá a lójú rí.

Ìyá sùn oorun ìkẹyìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ti sọ pé ẹ̀wù aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi irun àgùntàn tí a tẹ̀ pọ̀ ṣe fún ìgbéyàwó wọn ni àwọn yóò wọ̀ lọ. Àkọ́bí ló fọ̀ ọ́, òun nìkan. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ́; àgbà tí kì í jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́ ti lọ. Ẹ̀wù náà kò tètè gbẹ. Àbúrò bàbá wa ní, "Ẹ gbé e sẹ́bàá iná jàre, òkú kì í dúró de aṣọ." Àkọ́bí gbé ọwọ́ lé ẹ̀wù. "Bàbá kékeré, ẹ má bínú. Bó bá súnkì, ta la máa wọ̀ ọ́ fún?"

Ìyá fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò wọn kan sáyé lọ.

Bí a ti fẹ́ gbé ìwé ètò ìsìnkú yìí lọ tẹ̀, abíyá ẹ̀wù náà ṣì tutù, àkọ́bí sì ń fi ọrùn ọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí i lára Ìyá lónìí, ẹ bá wa dúpẹ́. Bó bá jẹ́ aṣọ mìíràn lẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi àkọ́bí léèrè.

Ìyá Olómi-Tútù, ẹ sinmi. A ò gbé e sún mọ́ iná.