Orin Màámi Nínú Tẹlifóònù

Òkè Mápó, Ìbàdàn.
1997.

Ẹ̀gbọ́n mi Morádéyọ̀,

Ẹ kú òtútù o. A kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti wálẹ̀.

Màámi ti gbé tẹlifóònù! Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń bínú sí. Láti ìgbà tó ti mú ìròyìn ikú Bàámi wá ni agogo rẹ̀ ti ń dẹ́rù bà wọ́n. Mo wá gba orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún ní kékeré sínú tẹlifóònù tuntun tó ń gba ohùn sílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, kó máa dún dípò agogo.

Bó ti dún lánàá, wọ́n sáré wọlé: "Ta ló ń kọrin Morádéyọ̀?"

Ìyá Ìjọ ló pè. Màámi ní, "Ẹ tètè sọ̀rọ̀, ọmọ mi fẹ́ pè!"

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa. Bí lẹ́tà yìí bá ti dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè. Màámi ò kúrò nídìí ẹ̀ mọ́.

Àbúrò yín,
Olúgbénga.