Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Rin La Paz

Hilaria, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o jí? Òtútù òkè kò ní wọ̀ ọ́ léegun, ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn kò ní gbọgbẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Àgùntàn funfun yẹn bí ìbejì, yìnyín sì ba ọ̀dùnkún wa jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Mo wá sí La Paz lọ́jọ́ Ajé. Má bínú pé n kò sọ fún ọ, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Láti itẹ́ òkú tí bọ́ọ̀sì já mi sí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Wọ́n ní kí n wọ àpótí onígíláàsì tó ń rìn lórí wáyà, mo kọ̀. Wọ́n sá àwọn ènìyàn sókè bí aṣọ tí a fọ̀; bí òjò bá ṣú, ta ni yóò sáré kó wọn wọlé? Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ dé gbàgede Murillo. Àwọn òyìnbó kan ya àwòrán mi, mo sì sọ orúkọ mi àti orúkọ abúlé wa fún wọn kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí.

Hilaria, aago ilé aṣòfin ń rìn sẹ́yìn! Ojú mi ló rí i. Ọkàn mi fò sókè, mo ní ìjọba ti rí ọ̀nà dá àkókò padà. Ọdún tí o pé mẹ́tàlá ni mo fẹ́ kó dá padà fún mi, ọdún tí mò ń kọ́ ọmọ gbogbo abúlé níwèé, tí mo sì ní kí ọmọ tèmi lọ máa da àgùntàn. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹyẹlé nìkan ló padà wá.

Ní títì Prado ni mo ti rí ẹnìkan tó wọ awọ ẹranko onílà dúdú àti funfun, tó ń jó láàárín ọkọ̀, tó ń dá wọn dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ lè sọdá, láìsí onílù, lọ́jọ́ iṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé ẹ̀wù ijó wọ̀, ẹ̀jẹ́ ló ń san fún Màríà Wúńdíá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ eléyìí á pọ̀ gan-an. Mo bi í pé kí ló ṣe. Ohùn ọmọbìnrin ló fi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn awakọ̀ ni òun ń jó fún. Ẹni tó ń jó fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn! Mo ṣí fìlà, mo ka tèmi fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, ọ̀kan ní kí wọ́n kúkú gbé àga wá fún mi. Ọmọ náà di apá mi mú, ó mú mi sọdá, ó wí pé: “Bàbá, èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹ lọ sọ fún un.”

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yín ní Miraflores. O jáde nínú aṣọ funfun, o gbórí sókè. Mo sá sẹ́yìn obìnrin tó ń ta ògì gbígbóná. Ó ní kí n ra ife kan tàbí kí n kúrò nídìí ìkòkò òun. Mo ra méjì.

Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe àìlówó, kì í ṣe àìmọ̀; agídí ni. Ìyá rẹ nìkan lo pè síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ, o sì jàre. Ṣé kí n bá a wá? Bí o bá gbà, fi owó bàtà díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí n kò lè fi sálúbàtà táyà dúró láàárín àwọn dókítà. Bí o bá sì ní kí n má wá, má fi rán ìyá rẹ. Pè mí, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn.

Bí o pè, bí o kò pè, aláìsàn tí o bá fọwọ́ kàn yóò dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Casiano Ticona